Ìkòkò Ọ̀rá Yèyé ní Ìgbẹmọ

Ẹ fa àga yín kúrò níbi tí èéfín ń fẹ́ sí. Ṣadé, ìwọ gba èyí tó ní tìmùtìmù, kí o sì gbé ọmọ náà fún mi díẹ̀ kí apá rẹ sinmi. Mo gbọ́ ohun tí o sọ fún ọkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà. O ní o ti kà á lórí fóònù pé ọ̀rá ẹran kò dára fún ara, pé kó bá ọ ṣàlàyé fún mi kí n má baà bínú bí o kò bá jẹ ọbẹ̀ mi. Mi ò bínú. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ nítorí pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́. Ohun tó bà mí lọ́kàn jẹ́ ni pé o kò mọ ohun tí ìkòkò tó wà lórí tábìlì yẹn jẹ́, ẹ̀bi rẹ sì kọ́. Àwa ni a kò sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ọbẹ̀ tó jinná. Bí mo bá parí, tí o bá ṣì ní o kò jẹ, màá bu ẹ̀fọ́ lásán fún ọ, a ò ní jà.

Yèyé ni ìyá tó bí bàbá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé, bàbá Ṣadé. Ilé rẹ̀ ni èyí tí a jókòó sí yìí, kó tó di pé a fi búlọ́ọ̀kù tún un kọ́. Ibi tí ẹ gbé mọ́tò yín sí ni ilé ìdáná wà nígbà náà. Ó dúdú fún èéfín débi pé bí o bá fara kan ògiri, aṣọ rẹ ti di ti oko nìyẹn. Ìkòkò yìí máa ń wà lórí àjà tó wà lókè ààrò, níbi tí ooru ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí èèrà kò sì lè dé. Ọ̀rá ẹran ìgbẹ́ ló ń gbé inú rẹ̀. Epo pupa wà nínú kèrègbè tirẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè bu ú. Ìkòkò ọ̀rá, Yèyé nìkan ló ń fọwọ́ kàn án.

Bí mo bá pa ojú dé báyìí, ìró rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Yèyé á gé ọ̀rá náà wẹ́wẹ́ sínú ìsaasùn, á da omi díẹ̀ lé e, á gbé e ka iná tí kò le. Omi á kọ́kọ́ máa hó bí omi ṣe ń hó. Nígbà tí omi bá gbẹ, ìró náà á yí padà, á wá di ṣàà, ṣàà, bí òjò tó ń rọ̀ sórí ewé kókò. Gbogbo ọmọ inú ilé mọ ìró yẹn. A ó fi eré sílẹ̀, a ó sáré wá jókòó, nítorí pé nígbà tí ọ̀rá bá yọ́ tán, àwọn ègé tó gbẹ, tó ń dún lẹ́nu, á kù sísàlẹ̀. Yèyé á wọ́n iyọ̀ sí wọn, á pín wọn fún wa pẹ̀lú iṣu sísun. Mo ti jẹ oúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá láti ìgbà náà, inú mi sì dùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì jẹ nǹkan tó mú mi rò pé ayé kò ní ìṣòro kankan bí ègé yẹn ṣe máa ń ṣe.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìkòkò máa ń kún. Ẹ mọ̀ pé ìrẹsì ni wọ́n fi ń mọ Ìgbẹmọ. Bí a bá ti kórè ìrẹsì tán, ọ̀yà á ti jẹ nínú rẹ̀ yó, á jẹ ẹ̀gẹ́, á jẹ pòròpórò àgbàdo, á wá sanra wọ̀mùwọ̀mù. Àwọn ọkùnrin á sun ìgbẹ́. Àwa ọmọdé á dúró lójú ọ̀nà, a ó máa gbọ́ bí èésún ṣe ń yìnbọn nínú iná, a ó máa gbọ́ ohùn àwọn ajá, àti ọkùnrin kan tó máa ń ké pé, "Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ." Bàbá kan wà ní agboolé wa tó jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ké bẹ́ẹ̀ sí i ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń yọ̀. Ó ṣubú lé ọ̀yà kan lórí lọ́dún kan, ó sì pa á bẹ́ẹ̀. Títí ó fi kú, wọn kò jẹ́ kó gbàgbé. Bí ó bá fẹ́ jókòó, wọ́n á ní kí ẹni tó bá ní ẹran lórí ilẹ̀ tètè gbé e kúrò.

Ní agboolé wa, ẹni tó bá pa ẹran kì í mú ọ̀rá rẹ̀. Ó lè mú orí, ó lè mú itan, ó lè gbé gbogbo ẹran tó kù lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n ọ̀rá tó wà nínú ikùn àti èyí tó lẹ̀ mọ́ kíndìnrín, ó gbọ́dọ̀ gbé e wá fún obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé. Òun ló ń yọ́ ọ, òun ló sì ń bu fún ẹni tó bá nílò rẹ̀: ọmọ tí ikọ́ ń dà láàmú, àgbàlagbà tí awọ ara rẹ̀ ń sán nínú ọyẹ́, àti pàápàá ìyàwó ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lọ́jọ́ tí ìyàwó tàbí ọmọbìnrin ilé bá kọ́kọ́ gbé ọmọ wọ agboolé, ọbẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá inú ìkòkò sè ni wọ́n fi ń kí i káàbọ̀. Ọ̀rá ọ̀yà ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Òkété máa ń wà, òòrẹ̀ máa ń wà, ìmàdò náà ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Yèyé sì ń gba gbogbo wọn, ṣùgbọ́n inú ìgò ló ń da tiwọn sí. Ìkòkò yìí, ti ọ̀yà nìkan ni.

Òfin kan tún wà, òun ló sì jẹ́ kí n máa sọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyàwó bá gbé ọmọ wọlé, tí kò sí ọ̀rá nínú ìkòkò láti fi kí i, obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ á dojú ìkòkò náà délẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n bá ti dojú rẹ̀ dé báyẹn, wọn kì í ṣí i mọ́. Yèyé gba ìkòkò yìí lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ẹni yẹn gbà á lọ́wọ́ tirẹ̀. Kò sí èyí tó dojú rẹ̀ dé nínú wọn.

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ tí mo padà sílé, ọdún díẹ̀ kí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tó wọlé ni. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ nígbà náà, Adó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di olú-ìlú. Kátakátá ń ya ọ̀nà, wọ́n ń kọ́ ọ́fíìsì síbi tí a mọ̀ sí igbó. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti ibi gbogbo kó wọlé, gbogbo wọn ló sì fẹ́ jẹ ẹran ìgbẹ́. Ọdẹ tó bá pa ọ̀yà kò gbé e wálé mọ́. Á gbé e kọ́ sórí igi lẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn onímọ́tò, tàbí kó gbé e lọ sí Fájuyì ní Adó fún àwọn tó ń ta oúnjẹ, pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ àti gbogbo rẹ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ lọ sí ilé-ìwé bí èmi náà ṣe lọ. Ṣùgbọ́n ẹran náà ń dín kù nínú igbó, ọ̀rá ń dín kù nínú ìkòkò, òróró inú ike àti bọ́tà inú agolo sì ti gba orí pẹpẹ. Ní Ọjà Ọba, tòlótòló oníyìnyín ti ń gba ìdí àwọn tó ń ta òkété gbígbẹ. Ẹ̀yin kò lè mọ bó ṣe rí lára, nítorí ẹ kò mọ̀ ju bó ṣe wà báyìí lọ. Ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan ń kó ẹrù jáde nílé yín lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kí yín pẹ̀lú ẹ̀rín bó ti ń jáde.

Èmi náà kò ní ìfọ̀kànbalẹ̀ nígbà náà. Mi ò ríṣẹ́. Ọ̀dọ̀ Yèyé ni mo ń gbé, mo ń retí kí wọ́n pè mí láti Adó, àyà mi sì ń já ní gbogbo àárọ̀ láìsí ìdí kan pàtó. Mo máa ń rò pé gbogbo èèyàn tó bá kí mi pé "Ọ̀mọ̀wé, ṣé dáadáa ni?" ń bi mí pé kí ni mo fi ìwé náà ṣe. Bóyá wọ́n kàn ń kí mi ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé nígbà tí ọkàn mi rí bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ kí nǹkan kan ṣoṣo dúró síbi tí mo fi í sí. Mo wo orí àjà, mo rí ìkòkò, mo ní ó kéré tán, ìyẹn wà níbẹ̀.

Ìgbà náà ni Fúnmi, ìyàwó Káyọ̀dé, bí ọ, Ṣadé, ní ilé ìwòsàn ní Adó. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ níbẹ̀, ní ilé àwọn òbí ìyá rẹ. Awakọ̀ kan ló mú iṣẹ́ wá pé ní Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n á gbé ọmọ wá sí Ìgbẹmọ. Yèyé jó díẹ̀ ní ìdúró. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gun àpótí, kí n gbé ìkòkò sọ̀kalẹ̀ fún òun. Mo gbé e, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti mọ̀ kí ó tó ṣí i. Ewé tó bò ó ti gbẹ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń dán lásán bí inú àwo tí ọmọdé lá.

Yèyé wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ ń bọ̀ ní ulé." Bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe máa ń pe ilé, ulé, bí àwọn àgbà wa ṣe ń pè é.

Mo wọkọ̀ lọ sí Adó lọ́jọ́ kejì. Mo rìn ká Ọjà Ọba. Gbígbẹ ni gbogbo ọ̀yà tí mo rí, ọ̀rá wọn ti yọ́ sínú iná. Obìnrin kan tó ń tà á ní, "Ọmọ mi, ọ̀rá lo fẹ́? Iná tí mo fi yan án ló jẹ ẹ́, lọ bi iná." Mo dé Fájuyì, àwọn olóúnjẹ ti ra gbogbo tútù láti òwúrọ̀. Mo yà sí ọ́fíìsì Káyọ̀dé, mo ṣàlàyé fún un, mo sì ṣàlàyé pẹ́ débi pé ó ní, "Jọ̀ọ́, mo ti gbọ́. Ọ̀yà tútù. Mo máa wá a. Má sunkún sórí tábìlì ìjọba." Mi ò sunkún. Ojú mi kàn ń ta mí ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Káyọ̀dé sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpò kan, ó ń rẹ́rìn-ín láti ọ̀nà jíjìn.

"Yèyé, mo ti rí i. Ó kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n ó sanra."

Yèyé gbé ẹran náà sórí ọpọ́n. Wọ́n ti fi iná wi irun rẹ̀, ó dúdú látòkè délẹ̀.

"Ta ló sọ pé ọ̀yà ni?"

"Ẹni tó tà á ni."

"Ìrù rẹ̀ dà?"

"Wọ́n ní àwọn gé e kó lè wọ inú àpò."

Yèyé fi ìka la ẹnu ẹran náà, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ láti ìta. Ekùrọ́ kan yọ jáde, ó bọ́ sórí ọpọ́n, ó dún kò. Òkété ni ẹran tó ń kó oúnjẹ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ báyẹn, ọ̀yà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Yèyé ní, "Káyọ̀dé, akọ̀wé ìjọba. Ọ̀yà rẹ ti lọ sọ́jà, ó ti ra ekùrọ́ bọ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, Káyọ̀dé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Ìdílé ìyàwó rẹ̀ kì í jẹ òkété. Ìyá Fúnmi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Tíṣà nítorí pé ó ti kọ́ni títí tó fi fẹ̀yìn tì, máa ń sọ pé, "Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, Bíbélì kò bá wa sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a kì í jẹ ẹ́." Òun náà ń bọ̀ ní Sátidé. Ká ní a ti fi ọ̀rá òkété kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀ sílé ọkọ, mi ò mọ ẹnu tí a ó fi ṣàlàyé, èmi tí mo fẹ́ràn àlàyé tó báyìí.

Yèyé ní kí wọ́n gbé òkété náà fún aládùúgbò. Ó jókòó lẹ́bàá ààrò, ó gbé ìkòkò sórí itan.

"Bí Sátidé bá ṣú, tí kò sí nǹkan, mo máa dojú rẹ̀ dé. Kò burú. Nǹkan ń parí."

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá ti rí nǹkan bá jà. Nígbà náà ni mo dárúkọ ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ lójú rẹ̀. Mo ní, "Yèyé, Délé ní ọ̀yà."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Délé kan náà ni, Bàbá Ìgbẹmọ yín tó ń bá ọkọ Ṣadé to ẹrù lẹ́yìn ilé báyìí. Kò tíì di ọkọ mi nígbà náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lásán ni, tó lọ kọ́ nípa ọ̀yà sísìn lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ àgbẹ̀, tó padà wá fi amọ̀ mọ ilé kéékèèké fún wọn lẹ́yìn ilé bàbá rẹ̀. Níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì ọdún tó ṣáájú, ó gbé ọ̀yà kan wá fún Ọlọ́run nínú àgò. Wọ́n gbé e síwájú kí àwọn èèyàn rà á. Yèyé, tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, ní láti orí àga rẹ̀, "Ẹran tí kò mọ ugbó, tó ń gbé ulé, èkúté ni." Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pe Délé ní Baba Èkúté. Kò sẹ́ni tó ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ìgbẹmọ mọ́. Ìyá rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Yèyé tó ti wé gèlè, tó ti mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Dìde, ká lọ wo èkúté."

Délé ń gé èésún nígbà tí a dé. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo rí i pé ọrùn rẹ̀ le, ojú sì tì mí fún gbogbo wa.

"Délé, mo wá wo àwọn èkúté rẹ."

"Ẹ káàbọ̀, Yèyé. Wọ́n ti ń retí yín. Wọ́n ní ẹni tó sọ àwọn lórúkọ kò tíì wá bẹ àwọn wò."

Mo rò pé inú yóò bí Yèyé. Ó rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ ọ̀fun. "Kí lo ń fún wọn jẹ?"

"Èésún. Ẹ̀gẹ́. Pòròpórò àgbàdo. Ìyàngbò ìrẹsì."

"Ìrẹsì ti ibo?"

"Ti ìhín yìí, Yèyé. Ibo ni mo tún mọ̀?"

Yèyé tẹ̀ síwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀kùn ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Ẹran tó wà nínú rẹ̀, akọ ńlá kan tí eyín rẹ̀ pọ́n bí obì, gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì súfèé, ohùn tó mú, tó gùn. Yèyé dúró gbagidi. Mo wò ó, mo rí i pé ó gbé etí sí i bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ọ̀nà jíjìn.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe lóko ìrẹsì bàbá àwọn ọmọ mi ní ìdájí. Mo rò pé ìró yẹn ti lọ tán."

Ó tún kan ilẹ̀kùn, ẹran náà tún gbá ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Ó ń bínú," ni Yèyé wí. "Ibi yòówù kó máa sùn, ohun tó ń jẹ ni a mọ̀. Délé, mo nílò ọ̀kan."

Akọ méjì péré ni Délé ní, ó sì ń gbìyànjú kí àwọn abo rẹ̀ pọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé ó lè sọ pé rárá, ó sì tọ́ sí i láti sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo akọ ńlá náà. Ó ní èyí ti ń dàgbà, ó sì ti ń bá èyí tó kéré jà, bó pẹ́ bó yá, òun á mú un kúrò.

"Kí lo máa gbà?" ni Yèyé bi í.

"N ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, Yèyé. Ẹ kàn pe ẹran náà ní orúkọ rẹ̀, lójú àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́."

Yèyé yíjú sí mi. "Ọmọ yìí gbọ́n," ló sọ fún mi, bí ẹni pé Délé kò sí níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n pa á. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ọ̀rá ọ̀yà láti kékeré, mi ò rí irú èyí rí. Ọ̀yà inú igbó ń sáré, ó ń sá fún ajá, ó ń sá fún iná; ọ̀rá rẹ̀ kò ju ìkúnwọ́ lọ. Ọ̀yà Délé ti jókòó jẹun bí ọba. Funfun ni ọ̀rá náà, ó bo kíndìnrín, ó bo ìfun. Yèyé gé e wẹ́wẹ́, ó gbé e ka iná. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó sí nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ń retí. Omi hó, omi gbẹ, ìró sì yí padà, ṣàà, ṣàà. Àwọn ọmọ àdúgbò fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, wọ́n sáré wá sí ẹnu ọ̀nà. Wọn kò tíì gbọ́ ọ rí ní ọjọ́ ayé wọn, òórùn ló pè wọ́n. Èmi ni mo pín ègé fún wọn. Mo sunkún díẹ̀, mo sọ fún wọn pé èéfín ni.

Nígbà tí Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀rá sínú ìkòkò, ó kún dé ọrùn, ọ̀rá sì ṣì kù. Ó dúró, ó wo ìsaasùn, ó wo ìkòkò.

"Wá òmíràn fún mi."

"Òmíràn kí ni, Yèyé?"

"Ìkòkò. Ṣé o kò rí i pé eléyìí kò gbà á ni?"

Láti ìgbà tó ti gba ìkòkò yẹn lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó gbọ́ ohun tó sọ, ó jókòó sórí àpótí, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí n gbá òun lẹ́yìn.

Ní Sátidé, agboolé kún. Fúnmi gbé ọmọ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí Yèyé, ó sì kí mi ní orúkọ tó fi ń pè mí gẹ́gẹ́ bí àbúrò ọkọ rẹ̀: "Eyínfúnjowó, ẹ kú ìtọ́jú ilé." Màmá Tíṣà wọlé lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àpò rẹ̀ lábẹ́ apá. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi sọ pé àwọn nọ́ọ̀sì kìlọ̀ nípa ọ̀rá, tó sì béèrè pé ẹran wo gan-an ló wà nínú ọbẹ̀ yìí.

Délé wà lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ igi ọsàn, ó ń wo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín ní ìkórè wà níbẹ̀. Mo di ọwọ́ mi mú, nítorí pé mo mọ Yèyé, mo sì mọ bó ṣe le fún un láti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá. Ó ní, "Màmá Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ọ̀yà ni. Ọ̀yà Délé ni. Mo pè é ní èkúté ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo yín sì bá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ tún bá mi pè é báyìí."

Bàbá tó máa ń ṣubú lé ẹran lórí ló kọ́kọ́ dáhùn láti orí àga rẹ̀. "Ọ̀yà ni. Mo ti jókòó lé irú rẹ̀ rí." Ẹ̀rín bú. Gbogbo wọn ní ọ̀yà ni, ọ̀yà ni. Délé fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

Fúnmi jẹ ọbẹ̀ náà tán. Màmá Tíṣà ní òun á tọ́ ọ wò ní ṣíbí kan, kí òun lè mọ ohun tí wọ́n ń fún ọmọ òun. Ó tọ́ ọ wò. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fún òun ní iyán díẹ̀, kí òun fi tọ́ ọ wò dáadáa.

Ìyẹn ni bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìgbẹ́ sísun ti parí, ajá ọdẹ ti parí, ilé ìdáná dúdú yẹn kò sí mọ́. Bí mo bá ní mi ò ṣe àárò wọn, irọ́ ni. Wọ́n pè mí fún iṣẹ́ ní Adó lẹ́yìn náà, mo ṣe é títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì ń wá sílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ nítorí ọkùnrin tó ń gé èésún. Yèyé fi ìkòkò yìí sílẹ̀ ní ìdúró nígbà tó lọ. Lóde òní, kì í ṣófo ní ẹ̀ẹ̀rùn, kì í ṣófo ní òjò. Mo sì mọ̀ pé ohun tí o kà lórí fóònù lè jẹ́ òótọ́, Ṣadé. Àwa náà kì í mu ún bí omi. Ṣíbí kan ni, fún ìkíni káàbọ̀.

Ọbẹ̀ ti jinná. Gba ọmọ rẹ, kí n bù ú.

Ṣé ṣíbí kan ni kí n fi sí i, tàbí ẹ̀fọ́ lásán?

Ó dáa. Ṣíbí kan. Ẹ bá mi pe Délé, ẹ ní kó fọwọ́ wá. Ó máa ń fẹ́ wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ń ṣí ìkòkò yìí.